Ọgọ́rùn-ún Dọ́là fún Ìwé Àwọn Ọmọ Salisbury

Ní oṣù kẹrin ọdún 1810, àwọn ará Salisbury, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe ìpàdé ìlú. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jíròrò lórí ọ̀nà tó bàjẹ́, ẹran ọ̀sìn tó ń jẹ oko olóko, àti owó-orí tí kálukú yóò san. Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ ìwé kún un. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú gba 100 dọ́là lọ́wọ́ akápò, kí wọ́n fi ra ìwé tó bójú mu fún Bingham Library for Youth, ìyẹn ilé-ìkàwé àwọn ọ̀dọ́ tí ọmọ ìlú wọn kan ti dá sílẹ̀ ní 1803.

Ìpinnu yìí ni àwọn tó ń kọ ìtàn ilé-ìkàwé ní Amẹ́ríkà sábà máa ń tọ́ka sí bí ìgbà àkọ́kọ́ tí ìlú kan fi owó gbogbo ìlú ra ìwé tí ènìyàn lè yá kà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn ń jiyàn rẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ kí a kọ́kọ́ fojú sí ni àwọn tí wọ́n ra ìwé náà fún. Bí o bá wọ ilé-ìkàwé ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà lónìí, wàá rí igun àwọn ọmọdé, àga kéékèèké, àti ẹni tó jókòó tó ń ka ìtàn sókè fún wọn. Ó rọrùn láti rò pé àwọn àgbà ló ni ilé, tí wọ́n kàn yọ̀ǹda igun kan fún ọmọ. Ní Salisbury, ọmọ ló kọ́kọ́ jẹ nínú àpò ìlú.

Ìwé Smith àti ọ̀rá àbẹ́là

Apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Connecticut ni Salisbury wà, níbi tí ìpínlẹ̀ náà ti bá New York àti Massachusetts pààlà. Títí di òní, nǹkan bí 4,000 ènìyàn péré ló ń gbé ibẹ̀. Irin ló sọ ìlú náà di olókìkí láyé àtijọ́. Wọ́n ń wa irin nínú òkè, wọ́n ń yọ́ ọ nínú ìléru, nígbà tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1775, ìléru tó wà ní Lakeville, abúlé kan lábẹ́ Salisbury, ni wọ́n ti ń rọ ìbọn àgbá fún àwọn jagunjagun.

Kí ogun tó dé, Richard Smith ló ni ìléru náà. Ní 1771, òun àti àwọn kan nínú ìlú dáwó jọ, ó sì fi owó náà ra 200 ìwé láti Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ Ajé kẹta nínú oṣù kẹta kẹta ni ènìyàn lè wá gba ìwé tàbí kí ó dá a padà. Ẹni tó bá ba ìwé jẹ́ yóò san owó ìtanràn, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n sì ń dá jù ni kí ọ̀rá àbẹ́là kán sórí ìwé. Ọ̀rá àbẹ́là yẹn sọ fún mi ju ohun tí ìwé òfin ẹgbẹ́ kan lè sọ lọ: ẹni tó ti ṣiṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ìléru títí ilẹ̀ fi ṣú ló tún jókòó sídìí iná láti kàwé. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń san ìtanràn yẹn.

Ṣùgbọ́n ilé-ìkàwé àwọn tó dáwó ni. Ẹni tí kò dáwó, tí bàbá rẹ̀ kò dáwó, kò ní ìpín níbẹ̀.

Ọmọ kan wà nílùú nígbà náà tó ń jẹ́ Caleb Bingham. Wọ́n bí i ní Salisbury ní 1757, ó ti tó ọmọ ọdún 14 nígbà tí ìwé Smith gúnlẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú lẹ́tà tó kọ lẹ́yìn tó ti dàgbà, ó ní òun rántí dáadáa bí ọkàn òun ṣe ń fà sí ìwé kíkà nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí òun kò sì rí ilé-ìkàwé kankan lò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn ti ọdún 1771 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Igba ìwé wà nílùú, ọmọ tó ń wá ìwé wà nílùú kan náà, wọn kò sì pàdé. Láti ibi àlàfo yẹn ni gbogbo ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti inú àìsí ìwé.

Olùkọ́ tí ìlú jẹ lówó

Bingham lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth, ó jáde ní 1782. Ní 1784 ó kó lọ sí Boston, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Boston kì í gba obìnrin nígbà náà. Nígbà tí ìlú náà tún ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ní 1789, wọ́n gbà kí àwọn ọmọbìnrin máa wá fún ìgbà díẹ̀ nínú ọdún, láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Bingham di olùkọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà.

Ibí yìí ni ìtàn kan wà tí n kò lè fò. Ìlú Boston kì í sábà san owó oṣù olùkọ́ lówó gidi. Ìwé àṣẹ ni wọ́n máa ń fún wọn, pé akápò ìlú yóò san iye báyìí. Bí olùkọ́ bá mú ìwé náà dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, oníṣòwò á yọ nínú iye rẹ̀ kó tó gbà á. Nígbà tó sú Bingham, ó gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn pé òun ní ìwé àṣẹ akápò ìlú Boston kan láti tà, òun yóò sì dín owó rẹ̀ dáadáa fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Inú bí àwọn alágbára ìlú. Wọ́n pè é síwájú ìpàdé pé kó wá tọrọ ìdáríjì. Ó dá wọn lóhùn pé òun ní ẹbí tí òun ń bọ́, òun ti ṣe ipa tòun nínú àdéhùn, òun kò sì ní ẹ̀bẹ̀ kankan láti bẹ ẹni tí kò ṣe tirẹ̀. Ó ní bí ìlú bá ń san owó òun déédéé, òun kò ní polówó ìwé àṣẹ wọn mọ́ láé. Akápò fúnra rẹ̀ ló gbá a léjìká, tó ní kó wá gba owó gidi lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Mo fi ìtàn yìí síbí nítorí pé ó jẹ́ ká mọ irú ènìyàn tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bingham mọ̀ láti inú egungun rẹ̀ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, àti pé ohun tí ìlú bá ní òun fẹ́ràn, inú ìwé akápò ni a ti ń wò ó bóyá òótọ́ ni.

Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní 1796, ó di òǹtàwé àti atẹ̀wé ní Boston. Ó kọ ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́. The Columbian Orator, àkójọ ọ̀rọ̀ sísọ àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó tẹ̀ jáde ní 1797, ló rìn jìnnà jù nínú wọn.

Lẹ́tà 1803

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1803, Bingham kọ lẹ́tà sí Daniel arákùnrin rẹ̀ ní Salisbury. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ọmọ wà nílùú òun báyìí tí ojú ń pọ́n bí ó ṣe pọ́n òun nígbà náà, àti pé òun ní agbára láti bù wọ́n ní díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ó mọ̀ pé èrò náà lè dà bí eré lójú ẹni tí kò tíì rò ó jinlẹ̀. Nítorí náà, òun yóò fi 150 ìwé ránṣẹ́, fún àwọn ọmọ láti ọdún 9 sí 16. Àwọn alábòójútó ni yóò máa tọ́jú wọn. Òǹtàwé ni, ìwé ló ní, ìwé ló fi ṣe é lóore.

Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù lójú mi nínú ètò yìí ni ti ọjọ́ orí. Kò ní kí wọ́n kó ìwé fún gbogbo ìlú, kí àwọn ọmọ máa yọjú nígbà tí àwọn àgbà bá ti gba tiwọn tán. Ó fi ọjọ́ orí pààlà, àgbà sì wà ní òde ààlà náà. Ọmọ ọdún 9 ti lè kàwé fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 16, láyé yẹn, ti wọ iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò ní rí àyè mọ́. Ọdún méje yẹn ni Bingham rí pé ìwé lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ kí ìgbésí ayé tó gbé e lọ. Ẹni tó ti kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló lè ro irú èyí.

Ẹ wo ìṣirò náà. Ọmọ tó jẹ́ ọdún 9 nígbà tí ìwé dé ní 1803 ti pé 16 ní 1810. Ìran kan ti gba inú ilé-ìkàwé náà kọjá pátápátá nígbà tí ìlú jókòó láti dìbò. Ìwé tí ọwọ́ ọmọ ń gbà kì í pẹ́ gbó, ẹ̀bùn ẹnì kan kì í sì í bí ọmọ. Bingham wà ní Boston, kò sí ìlérí pé yóò máa fi tuntun ránṣẹ́. Ìlú ní láti yan ọ̀kan: kí wọ́n jẹ́ kí 150 ìwé náà kú díẹ̀díẹ̀, tàbí kí àwọn fúnra wọn gbà á ṣe. Wọ́n gbà á ṣe. Láàárín àwọn tó ń san owó-orí ní Salisbury, àwọn tí kò bí ọmọ wà níbẹ̀, àwọn tí ọmọ wọn ti kọjá 16 wà níbẹ̀, owó tiwọn náà sì wà nínú 100 dọ́là yẹn. Èyí ni kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Ilé-ìkàwé Smith ní kí o mú owó wá kí o tó kà. Ní 1810, ẹni tó mú owó wá kọ́ ló ń kà á.

Lẹ́yìn náà, ìlú tún ń bù owó fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe lọ́dọọdún. Bingham kú ní 1817. Ó pẹ́ láyé tó láti mọ̀ pé ìlú ti gba ẹrù náà lórí òun.

Ọmọ tí kò sí nínú ìṣirò

A kò lè sọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ ní Connecticut ọdún 1803 kí a má wo ọ̀ràn ẹrú. Òfin 1784 ti ní kí ọmọ tí ẹrú bá bí lẹ́yìn oṣù kẹta ọdún yẹn di òmìnira nígbà tó bá pé ọdún 25. Kò dá ẹni tó ti wà lóko ẹrú sílẹ̀, ìpínlẹ̀ náà kò sì fòpin sí oko ẹrú pátápátá títí di 1848. James Mars ni wọ́n bí sí oko ẹrú ní Canaan, ìlú tó bá Salisbury pààlà, ní 1790. Lọ́dún tí lẹ́tà Bingham dé ló pé ọmọ ọdún 13, ó ń sin olówó rẹ̀ ní Norfolk, ìlú tó tẹ̀ lé Canaan. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 9 sí 16 gẹ́lẹ́. Ìwé náà ti àwọn ọmọ Salisbury ni, ẹnikẹ́ni kò lè ní Bingham ṣẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ ó yẹ kí ẹni tó ń ka ìtàn ilé-ìkàwé ọ̀fẹ́ yìí mọ̀ pé ní ìtòsí, ọmọ kan wà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìní ẹlòmíràn. Mars padà di òmìnira, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ayé rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ìwé Bingham gbà dé ọwọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ní Baltimore, nǹkan bí 1830, ọmọ ẹrú kan tó tó ọdún 12 ń kọ́ ìwé ní bòókẹ́lẹ́. Ìyàwó olówó rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ́ ọ ní álífábẹ́ẹ̀tì, ọkọ rẹ̀ sì dá a dúró. Ọmọ náà wá ń fi búrẹ́dì fún àwọn ọmọ òyìnbó tálákà ní ìgboro kí wọ́n lè kọ́ ọ. Ó dán bàtà fún àwọn ènìyàn, ó kó owó jọ, ó sì fi 50 sẹ́ńtì ra The Columbian Orator. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan wà nínú rẹ̀ láàárín olówó àti ẹrú, tí ẹrú fi ọ̀rọ̀ borí títí olówó fi dá a sílẹ̀. Frederick Douglass ni ọmọ náà. Ó kà á ní àkàtúnkà, ó sá kúrò lóko ẹrú ní 1838, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó lágbára jù ní ìran rẹ̀. Kò sí ilé-ìkàwé kankan tó yá a ní ìwé yẹn. Owó bàtà dídán ló fi rà á.

Nígbà tí wọ́n ti ọmọ sóde

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni bí nǹkan ṣe yí padà. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé-ìkàwé ọ̀fẹ́ ti ń tàn kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà, owó-orí ń gbé wọn ró, àwọn ilé ńláńlá ń dìde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 12, tàbí 14, kò gbọdọ̀ yá ìwé. Ọmọ ń pariwo, ọwọ́ ọmọ ń dọ̀tí, àwọn àgbà ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ohun tí wọ́n fi ọmọ bẹ̀rẹ̀ ti di ohun tí ọmọ ń wò láti ojú fèrèsé.

Obìnrin kan ní Connecticut kan náà wà lára àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn padà. Caroline Hewins di alákòóso ilé-ìkàwé kan ní Hartford ní 1875. Ní 1882 ó kọ lẹ́tà sí ilé-ìkàwé 25, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ẹ ń ṣe láti mú kí àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin fẹ́ràn ìwé kíkà? Ó kó ìdáhùn wọn lọ síwájú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé Amẹ́ríkà. Ó tún ṣe àkójọ orúkọ ìwé tó dára fún ọmọdé kí àwọn tó kù lè rí i lò. Ní 1904, Hartford ní yàrá tirẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ìtàn kíkà fún ọmọ kéékèèké, ẹgbẹ́ òǹkàwé, ìwé ìsinmi: ohun tí a ń pè ní ètò ọmọdé lónìí, ọ̀dọ̀ Hewins àti irú wọn ló ti wá. Bingham fi ìwé ránṣẹ́, Hewins fi ènìyàn jókòó tì í.

Ní Salisbury, irin tún padà sínú ọ̀rọ̀. Jonathan Scoville, ọmọ ìlú náà, ti lọ ṣòwò irin ní Buffalo, ó ń rọ kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ó sì ṣe olórí ìlú Buffalo ní 1884. Nígbà tó kú ní 1891, ó fi 12,000 dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ ilé-ìkàwé fún ìlú tí wọ́n ti bí i. Òkúta mábù aláwọ̀ eérú tí wọ́n gbẹ́ ládùúgbò ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ní ilé-ìṣọ́ tí agogo wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1895. Lókè ibi ìdáná inú gbọ̀ngàn, wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ kan sí i tó wá láti kàtídírà Salisbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó bá ṣèbẹ̀wò máa ń ya fọ́tò òkúta yẹn. Ó dára, n kò ní kí wọ́n má yà á, ṣùgbọ́n ohun tó mú Salisbury yàtọ̀ kò sí lára ògiri.

Ta ló ṣáájú?

Peterborough, ìlú kékeré ní New Hampshire, ní òun ló ni ilé-ìkàwé ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ tí owó-orí gbé ró. Ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1833, ìpàdé ìlú náà pinnu láti yọ nínú owó tí ìpínlẹ̀ ń pín fún wọn láti ara owó-orí àwọn báńkì, kí wọ́n máa fi ra ìwé. Àlùfáà Abiel Abbot ló wà nídìí rẹ̀. Gbogbo ará ìlú ló lè yá ìwé, owó náà sì ń wọlé lọ́dọọdún. Àwọn tó ń gbè wọ́n lẹ́yìn ní 100 dọ́là ti Salisbury jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan sí ìwé tí ẹlòmíràn ti kó jọ, ọmọdé nìkan sì ni wọ́n ń yá a fún.

Mo gbà pé owó ọdọọdún lágbára ju owó ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bingham fúnra rẹ̀, tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè owó tó ń wọlé déédéé níwájú ìpàdé Boston, ì bá gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni "ọmọdé nìkan" yẹn, tí wọ́n ń sọ bí ẹni pé àbùkù ni. Ní Lexington, Massachusetts, ní 1827, 60 dọ́là ni ìlú fọwọ́ sí láti fi dá ilé-ìkàwé àwọn ọmọ sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi parẹ́. Ní West Cambridge, tó ń jẹ́ Arlington báyìí, dókítà kan tó ti ṣe olùkọ́ níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, Ebenezer Learned, fi 100 dọ́là sílẹ̀ ní 1835 fún ìwé àwọn ọ̀dọ́, nígbà tó sì di 1837 ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi 30 dọ́là kún un. Ẹni tó ń san owó-orí lè jiyàn lórí ìwé tí aládùúgbò rẹ̀ fẹ́ kà. Ó ṣòro fún un láti dìde láàárín ìpàdé kó ní kí ọmọ aládùúgbò má kàwé. Ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà wọlé nìyẹn, ìlú lẹ́yìn ìlú sì gba ibẹ̀ kọjá. Kódà ní Peterborough, ọdún márùn-ún kí wọ́n tó ṣe ìpinnu 1833 tí wọ́n fi ń yangàn, Abbot kan náà ti kọ́kọ́ dá Juvenile Library sílẹ̀, fún àwọn ọmọ.